Sípáníìṣì láti A1 dé B1: kíláàsì Sátidé l'Ábùjá àbí ti orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Sípáníìṣì níléèwé gíga, tó sì ń gbé Àbújá, ọ̀nà méjì tí mo mọ̀ dáadáa rèé: kíláàsì Sátidé níléèwé tó wà nítòsí, tàbí kọ́ọ̀sì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Sípéènì ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó ara mi ni mo fi ṣe méjèèjì. A1 ni ìpele ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá, A2 ló tẹ̀ lé e, B1 sì ni ìpele àárín.

Ẹ má tíì béèrè iye owó. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé: "Tí A1 bá parí, ọjọ́ wo ni A2 máa bẹ̀rẹ̀?" Ibẹ̀ ni ìjàngbọ̀n wà. Kíláàsì A1 máa ń kún dẹ́nu ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n táwọn ìṣe àtijọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀-ìṣe fún ohun tó ti kọjá, bá ti ń yọjú, indefinido lọ́tùn-ún, imperfecto lósì, èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká. Ọ̀gá ti gbé ẹnì kan lọ sí Kánò, ẹlòmíì ní owó ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí tiwa fi máa parí, àga òfìfo ló pọ̀ jù. Iléèwé náà, orúkọ wọn ò ní jáde lẹ́nu mi, ti gba owó A2 lọ́wọ́ wa sílẹ̀. Wọ́n ní a ò pé iye tí wọ́n fẹ́, ká máa bá àwọn tuntun jókòó ná. Bá a ṣe padà sídìí ser àti estar nìyẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe "jẹ́" àti "wà" tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ A1. Tíṣà á kọ "soy, eres, es" sójú pátákó, àwọn tuntun á máa dà á kọ, àwa á máa wo aago. Mo ní kí bọ́sà dá owó mi padà, ó yí rìsíìtì síbi ẹ̀yìn: "A kì í dá owó padà," ní lẹ́tà wínníwínní.

Ní kọ́ọ̀sì ti Sípéènì tí mo wá ṣe, oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè la ti wá, torí náà A2 àti B1 ń ṣí bó ṣe yẹ. Aago wọn náà bá tiwa mu: ọ̀kan náà ni ti Madrid àti Àbújá nígbà òtútù wọn; nígbà ooru, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa. Ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Aago méje alẹ́ ní New York, aago kan òru ló jẹ́ níbí nígbà òtútù wọn. Ta ló fẹ́ kọ́ ìṣe àtijọ́ láàárín òru?

Owó: yúrò ni, ẹ sì mọ bí náírà ṣe ń ṣe.

Iná: ẹ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ NEPA kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹnu sísọ: kíláàsì Sátidé dáa jù níbí, n ò ní purọ́. Fáwẹ̀lì márùn-ún péré ni Sípáníìṣì ní, ẹnu Yorùbá ò jẹ wọ́n níyà. Àmọ́ "rr" inú perro ń fẹ́ tíṣà tó ń wo ẹnu yín.

Ìwé ẹ̀rí: bẹ́ ẹ bá máa lò ó níbi tó le, ìdánwò Sípáníìṣì tí wọ́n ń pè ní DELE tàbí SIELE ni kẹ́ ẹ lọ ṣe. DELE kì í kú. Ọdún 5 ni SIELE ń lò.

Méjèèjì ló ní ibi tó ti wúlò. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kíni, kíláàsì Sátidé tó o, ó sì dùn. Ẹni tó ń lọ sí B1, ẹ mọ èyí tí mo san owó fún títí dé ìparí. Tó bá jẹ́ ti Àbújá lẹ ṣì fẹ́, A1 nìkan ni kẹ́ ẹ san, kí wọ́n sì kọ ọ́ sí rìsíìtì pé ọjọ́ báyìí ni A2 máa ṣí. Tí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ máa lọ.