Fíìmù ogun tí sọ́jà ti ń gba aráàlú là: èwo ló yẹ kí ẹ fowó yín rà?

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti ṣe sọ́jà ECOMOG, ikọ̀ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní Làìbéríà. Lọ́jọ́ tí èmi pẹ̀lú wọn jọ wo Tears of the Sun, wọn ò sọ̀rọ̀ kankan títí fíìmù fi parí. Nígbà tí mo pa tẹlifíṣọ̀n, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Obìnrin tó pọn ọmọ tó ń bá wọn rìn nínú igbó yẹn, kí ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀?" Mi ò mọ̀. Mo rántí orúkọ ọ̀gá sọ́jà, mo rántí orúkọ dókítà òyìnbó, àmọ́ nínú gbogbo àwọn tí wọ́n torí wọn jagun, agbára káká ni mo fi rí ẹni méjì dárúkọ.

Ìbéèrè Bàbá Kékeré ni mo ń fi wọn irú fíìmù báyìí láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé sọ́jà gba àwọn èèyàn là, ẹ wò ó bóyá ẹ mọ àwọn èèyàn náà nígbà tí fíìmù bá parí. Màrún-ún ni mo fẹ́ fi wéra níbí, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí mo máa fọwọ́ bà. Ohun tí ẹ ó bá lẹ́yìn páálí àwo DVD wọn á sì wọ inú ọ̀rọ̀, torí owó ń ṣòfò níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àwọn méjì tí gbogbo èèyàn mọ̀

Ọdún 2003 ni Tears of the Sun jáde. Antoine Fuqua ló darí rẹ̀. Bruce Willis ni Waters, ọ̀gá ikọ̀ SEAL, ìyẹn sọ́jà ojú omi Amẹ́ríkà, tí wọ́n rán wá sí Nàìjíríà láti gbé dókítà kan kúrò ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì. Monica Bellucci ló ṣe dókítà náà. Àròsọ ni ìtàn ọ̀hún: ọ̀gágun kan fipá gbàjọba, wọ́n pa ààrẹ àti ìdílé rẹ̀, wọ́n sì ń pa àwọn Igbo kiri. Dókítà fárí gá pé òun ò ní fi àwọn aláìsàn òun sílẹ̀. Waters gbà fún un lẹ́nu, ó kó gbogbo wọn rin igbó dé ibi tí hẹlikópítà wà, ló bá gbé dókítà nìkan, ó fi àwọn tó kù síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fò kọjá lórí ilé ìwòsàn, wọ́n rí òkú lọ súà nílẹ̀. Waters ní kí wọ́n yí padà.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ló dára jù nínú fíìmù náà. Willis ò ṣàlàyé, ojú rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí ibodè Kamẹrúùnù, àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ ń lépa wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fíìmù tí kò ní jẹ́ kó sinmi, owó rẹ̀ ò ní ṣòfò. Ìró ìbọn ibẹ̀ pé, bí sọ́jà ṣe ń rìn lóru láìsọ̀rọ̀ dá Bàbá Kékeré lójú, wọ́n sì mi orí sí i.

Ohun tó dùn mí ni Nàìjíríà inú rẹ̀. Hawaii ni wọ́n ti yà á, ẹni tó bá sì ti wọ igbó wa rí, ojú rẹ̀ á sọ fún un. Igbó kọ́ ló dùn mí jù ṣá. A ja ogun tòótọ́ ní ilẹ̀ yìí láti 1967 sí 1970, àwọn tó là á já ṣì wà láàyè. Àwọn tó ṣe fíìmù yìí mú orúkọ ẹ̀yà wa àti orúkọ ìlú wa, wọ́n fi rọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí, kí sọ́jà Amẹ́ríkà lè rí ibi ṣe akin. Ẹni tó bá ń wá ogun Biafra fúnra rẹ̀, kó lọ ra Half of a Yellow Sun tí Biyi Bandele, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí sí Kafanchan, darí ní 2013. Sọ́jà kankan ò wá gba ẹnikẹ́ni là nínú ìyẹn, àmọ́ ẹ máa mọ orúkọ gbogbo wọn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo iye ìṣẹ́jú. Oríṣi méjì ni Tears of the Sun tó wà lọ́jà. Èyí tó lọ sí sinimá jẹ́ ìṣẹ́jú 121. Èyí tí olùdarí fi kún lẹ́yìn náà jẹ́ 142. Èyí tó gùn ni kí ẹ rà, torí àwọn tó ń sá lọ rí àyè sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ díẹ̀ sí i. Páálí wọn jọra, mo sì ti ra kúkúrú rí lọ́wọ́ ẹni tó fi dá mi lójú pé gígùn ni. Ẹ tún rántí pé DVD tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù máa ń yára díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ya fíìmù lọ, nítorí náà bí ẹ bá rí 116 lẹ́yìn páálí tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, wọn ò gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀, 121 náà ni. Èyí tó gùn á jẹ́ nǹkan bí 136.

Hotel Rwanda ni ìkejì. Terry George ló darí rẹ̀ ní 2004. Don Cheadle ṣe Paul Rusesabagina, máníjà tó kó èèyàn 1,268 pamọ́ sínú òtẹ́ẹ̀lì Mille Collines ní Kigali nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi ní 1994. Sọ́jà ò ṣe akin níbí. Nick Nolte ni Kọ́nẹ̀lì Oliver ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sì láṣẹ láti yìn ín. Ara Roméo Dallaire, ọ̀gágun Kánádà tó ṣolórí àwọn sọ́jà Àjọ náà ní Rwanda, ni wọ́n ti fa ẹni yẹn yọ. Hakeem Kae-Kazim tí wọ́n bí ní Èkó wà nínú rẹ̀, ó ṣe Rutaganda, olórí àwọn apànìyàn, débi tí mo fi kórìíra rẹ̀ títí fíìmù fi parí.

Ní ti orúkọ, Hotel Rwanda yege níbi tí Tears of the Sun ti kùnà: ẹ máa mọ Paul, ẹ máa mọ Tatiana ìyàwó rẹ̀, ẹ máa mọ àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ò pọ̀, PG-13 ni wọ́n fún un ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé kí òbí ṣọ́ra fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, ẹ lè jókòó ti ọmọ ọdún 14 kí ẹ jọ wò ó. Tears of the Sun ní tirẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé rí abúlé tí wọ́n ń pa run nínú rẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo tí mo gbọ́dọ̀ sọ ni pé àwọn kan tó là á já nínú òtẹ́ẹ̀lì náà ti ta ko bí fíìmù ṣe gbé Rusesabagina ga. Ilé ẹjọ́ Rwanda sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 25 ní 2021 lórí ẹ̀sùn ìpániláyà, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 2023. Ẹ rà á, ẹ sunkún sí i, ṣùgbọ́n ẹ má fi ṣe ìwé ìtàn fún ọmọ yín.

Èyí tí mo máa rà bí owó bá kù fún ẹyọ kan

Shooting Dogs ni. Michael Caton-Jones darí rẹ̀ ní 2005, John Hurt sì ṣe àlùfáà Kátólíìkì tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kigali. Ní Amẹ́ríkà, Beyond the Gates ni wọ́n pè é, ẹ má ra méjèèjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí ìpẹ̀yàrun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1994, àwọn Tutsi tó lé ní 2,000 sá lọ sí École Technique Officielle, torí pé sọ́jà Bẹ́ljíọ̀mù ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà níbẹ̀. Àwọn apànìyàn dúró sí ẹnu ibodè pẹ̀lú àdá, wọ́n ń dúró. Sọ́jà Faransé wá fi ọkọ̀ kó àwọn òyìnbó lọ. Ní ọjọ́ 11, àwọn sọ́jà Bẹ́ljíọ̀mù náà wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Kò ju wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tó wà nínú ọgbà.

Inú ilé ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ti ya fíìmù náà. Àwọn tó là á já wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi wé Hotel Rwanda, tí wọ́n ya apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní South Africa, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ bàǹtà-banta ni John Hurt àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ tó ń rìn lórí rẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ara rẹ̀.

Àkọlé rẹ̀ wá láti inú ìran kan. Ajá ń jẹ òkú lóde, ọ̀gá sọ́jà ní òun máa yìnbọn pa wọ́n nítorí àìsàn. Àlùfáà bi í pé ṣé àwọn ajá náà ti yìnbọn sí i ni, torí ó ti sọ fún gbogbo wọn pé òun ò lè yìnbọn àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ yìnbọn sí òun. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, ọkùnrin kan bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kúkú yìnbọn pa àwọn, kí àdá má pa àwọn. Mo ní láti dá fíìmù dúró níbẹ̀, mo jáde síta fún ìgbà díẹ̀.

Ní oṣù yẹn, Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, ló ń ṣojú Nàìjíríà nínú Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún àwọn sọ́jà. Nǹkan bí 2,500 ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, Ìgbìmọ̀ náà pàṣẹ kí wọ́n dín wọn kù sí 270. Bí ẹ bá mọ èyí kí ẹ tó wo Shooting Dogs, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀gá sọ́jà inú rẹ̀ kọ́ nìkan ló ti ilẹ̀kùn náà.

Ẹni tó bá fẹ́ ti Dallaire fúnra rẹ̀, Shake Hands with the Devil wà. Ẹ ṣọ́ra, méjì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn: ti 2004 jẹ́ ìròyìn tòótọ́ tí wọ́n bá a rìn ya, ti 2007 jẹ́ eré tí Roy Dupuis ṣe. Ti 2004 ni mo fẹ́ràn. Èmi ì bá sì fẹ́ kí ẹnì kan náwó gidi sí fíìmù nípa Mbaye Diagne, kápútìnnì ará Senegal tó wà pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Rwanda, tí kò gbé ìbọn, tó ń fi àwàdà àti sìgá gba ọ̀nà kọjá lọ́dọ̀ àwọn apànìyàn, tó ń kó èèyàn díẹ̀ díẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ibi ààbò, títí àdó olóró fi pa á ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún. Bí ẹ bá ń wá sọ́jà tó gba aráàlú là ní tòótọ́, òun nìyẹn.

Bosnia

Warriors (BBC, 1999, Peter Kosminsky) àti Quo Vadis, Aida? (2020, Jasmila Žbanić) dà bí ojú méjèèjì ilẹ̀kùn kan. Nínú Warriors, ẹ wà lẹ́yìn àwọn sọ́jà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán lọ sí ogun Bosnia. Ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, Ioan Gruffudd, Damian Lewis àti Matthew Macfadyen wà lára wọn, wọ́n wọ ọkọ̀ ogun tí wọ́n kùn ní funfun, àwọn ọ̀gá wọn sì pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé aráàlú kúrò nílé rẹ̀, torí bí wọ́n bá gbé e, wọ́n ti bá àwọn tó fẹ́ lé e kúrò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òfin tí ń dá ẹni lóró! Apá kejì rẹ̀ tẹ̀ lé wọn délé, nígbà tí oorun ò gbé wọn lọ mọ́. Bàbá Kékeré ní kí n yá wọn ní àwo yẹn, wọn ò tíì dá a padà, mi ò sì béèrè. Peacekeepers ni orúkọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó gùn tó wákàtí mẹ́ta, ẹ pín in sí alẹ́ méjì.

Nínú Quo Vadis, Aida?, ẹ wà láàárín àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn. Aida jẹ́ olùkọ́ tó di ògbufọ̀ fún sọ́jà Netherlands ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Srebrenica, ìlú kan ní Bosnia, ní oṣù keje 1995. Ó ń sáré kiri inú ọgbà kí ó lè fi ọkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì pamọ́, ẹnu rẹ̀ náà ni sọ́jà sì fi ń sọ fún aráàlú pé kí wọ́n jáde. Àwọn ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó lé ní 8,000 ni àwọn ọmọ ogun Serb ti Bosnia pa. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Netherlands dá a pé ìjọba wọn jẹ̀bi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún nípa 350 nínú wọn. Ẹ ò ní rí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nínú fíìmù yìí, síbẹ̀ òun ló ń bani lẹ́rù jù nínú màrún-ún. Èdè Bosnia ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ rí i dájú pé àwo tí ẹ fẹ́ rà ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ àwòrán.

Kí ẹ tó sanwó

Nọ́ńbà àgbègbè ni ẹ kọ́kọ́ wò. DVD tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń jẹ́ 1, ti Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ 2, ti Nàìjíríà jẹ́ 5. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fi àwo ránṣẹ́ láti Houston, ó lè má ṣí lórí ẹ̀rọ yín, àyàfi bí ẹ̀rọ náà bá ń gba gbogbo àgbègbè. Blu-ray rọrùn díẹ̀: Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì jọ wà ní B, Amẹ́ríkà ni A. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ bẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ yá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye ìṣẹ́jú ni kí ẹ fi mọ èyí tí wọ́n gbé síbẹ̀.

Tears of the Sun gígùn fún alẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ bá wá. Hotel Rwanda fún ilé tí ọmọ ńlá wà. Warriors fún ilé tí sọ́jà wà. Quo Vadis, Aida? fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ lè gbé e. Shooting Dogs fún ẹnikẹ́ni tó ti tó ọdún 18. Bí ẹ bá sì ti wò ó dé òpin, tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ẹ má tètè pa á. Wọ́n máa fi àwọn tó là á já hàn yín, orúkọ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nínú fíìmù náà, àti àwọn ará ilé wọn tí wọ́n pa.