Ẹnìkejì kan ṣoṣo ni, tàbí ọ̀pọ̀, nínú tẹníìsì ẹlẹ́ni méjì?
Àwọn ìbejì ará Amẹ́ríkà, Bob àti Mike Bryan, jọ gba ife-ẹ̀yẹ 119, tí 16 nínú wọn jẹ́ ti Grand Slam, ìyẹn àwọn ìdíje tẹníìsì mẹ́rin tó tóbi jù. Daniel Nestor ti Kánádà gba 91 pẹ̀lú onírúurú ẹnìkejì.

Ẹni tí ó dúró ti ẹnìkan mọ ibi tí onítọ̀hún yóò sáré sí kí bọ́ọ̀lù tó dé, ṣùgbọ́n ẹni tí ń pààrọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn lákọ̀tun. Ìfarapa ni ewu àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó dúró ti ẹnìkan: nígbà tí ìbàdí Bob yọ ọ́ lẹ́nu ní 2018, Mike ní láti wá Jack Sock, ará Amẹ́ríkà mìíràn, láti jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n sì gba Wimbledon àti US Open, èyí tí ó yà mí lẹ́nu.

Bí èrò àti ọjọ́ orí ẹ̀yin méjèèjì bá dọ́gba, ẹ dúró pọ̀. Bí o bá fẹ́ pẹ́ lórí pápá ju ẹgbẹ́ rẹ lọ, ọ̀nà Nestor ni ó yẹ ọ́.