Àmàlà Àlájà dùn o, ọ̀rá yẹn ni ò jẹ́ n gbádùn ẹ̀

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa, kí wọ́n má bàa ní mo wá ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. Bùkà kan wà lápá Ọjà Ọba níbí n'Ílọrin, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, àwa tá a máa ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mọ̀ ọ́n. Àmàlà ẹ̀ dúdú, ó rọ̀, kò ní kókó, gbẹ̀gìrì ẹ̀ sì ki dáadáa, kì í ṣe omi ẹ̀wà tí wọ́n da mágí sí. Ṣàkì ẹ̀ mọ́. Tó bá jẹ́ ká jókòó jẹun nìkan ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni ǹ bá fún wọn.

Wàhálà ń bẹ tó o bá ní o fẹ́ gbé e lọ ilé. Àmàlà tó ṣì ń yọ èéfín báyìí, inú ọ̀rá fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń dà á sí, ewédú nínú tiẹ̀, ọbẹ̀ ata tí epo léfòó lórí ẹ̀ nínú òmíràn, wọ́n á wá kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú. Jímọ̀ tó kọjá mo délé, ọ̀rá ọbẹ̀ ti sún kì, òórùn ike ló sì ń jáde lára àmàlà. Àmàlà tí mo fowó mi rà!

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là mí lóye. Ó ní ooru àti epo ló máa ń fa kẹ́míkà jáde lára ike. Ó dárúkọ phthalate tí wọ́n fi ń mú ike rọ̀, àti BPA tí wọ́n fi ń ṣe irú ike líle kan tó mọ́ gaara, tó sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń kun inú agolo. Ká sọ òótọ́ sha, BPA kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá fẹ́lẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ta ló mọ ohun tí wọ́n yọ́ pọ̀ di ọ̀rá dúdú? BPA yẹn máa ń ṣe bí estrogen, họ́mọ́ònù obìnrin, ara á rò pé tiẹ̀ ni, ìyẹn wà lára ìdí tí ilẹ̀ Yúróòpù fi fòfin dè é nínú fídà ọmọ ní 2011. Àwọn CDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn l'Amẹ́ríkà, yẹ ìtọ̀ èèyàn tó lé ní 2,500 wò láàárín 2003 sí 2004, 93 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in lára. Wọ́n ní èèyàn máa ń tọ̀ ọ́ dànù láàárín ọjọ́ kan, ó dáa bẹ́ẹ̀, tá a bá tún wá jẹ òmíràn lọ́la ńkọ́?

Àná ni mo gbé kúlà onírin lọ. Àlájà bú sẹ́rìn-ín, "Ọmọ mi, ṣé ìrìn àjò lò ń lọ ni?" Mo ní, "Rárá mà, ọ̀rá yín ni mò ń sá fún." Ó ní ewé ni ìyá òun fi ń dì í láyé ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ewé ti wọ́n, kọ́sítọ́mà ò sì ní sùúrù. Ó bù ú síbẹ̀, ó tún fi pọ̀ǹmọ́ kan lé e. Kí n tó yíjú, ọmọ tó ń bá a tà ti ń so ọbẹ̀ mi sínú ọ̀rá, ọwọ́ ẹ̀ ti mọ́ ọn.

Ìràwọ̀ mẹ́ta. Ẹ gbé abọ́ yín dání, iye kan náà ni wọ́n ń gbà. Mọ́ínmọ́ín eléwé wọn, Sátidé nìkan ni, ẹ tètè dé o, kí aago méjìlá tó lù ó ti tán.