Àga méjì àti kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tí mo tún ṣe n'Íléṣà: ibi tí owó mi ti wúlò àti ibi tó ti dùn mí

Àga onígi méjì àti kọ́bọ́ọ̀dù onídígí kan ni mo rà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta àlòkù ní apá Adétì. Àga kọ̀ọ̀kan, ₦15,000. Kọ́bọ́ọ̀dù, ₦40,000, lẹ́yìn tí mo ti ná an títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó ní ilé bàbá olóògbé kan lòun ti kó wọn, pé òṣómàálò, oníṣòwò tó ń ta aṣọ láwìn, ni bàbá náà nígbà ayé rẹ̀, àwọn ọmọ sì fẹ́ gbé àga tuntun síbẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ, bó bá délé, àga gidi ni yóò fẹ́ fìdí lé.

Ìwúwo wọn ló kọ́kọ́ mú mi. Mo fi ọwọ́ kan gbé àga náà, kò kúrò nílẹ̀. Ọ̀gànwó ni káfíńtà pè é nígbà tó fi ọ̀bẹ ha abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, tí àwọ̀ pupa igi náà sì yọ. Ẹ̀yin náà mọ irú èyí tí wọ́n ń tà fún wa báyìí, lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Omi kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó wú bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. Mo ti ra irú rẹ̀ rí, kò lò ju òjò méjì lọ tó fi fọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àga kan ń mì, èkejì ti yọ díẹ̀ níbi tí apá ti wọnú ẹ̀yìn. Mo gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan tí wọ́n júwe fún mi. Èrò mi ni pé ìṣó mẹ́rin ti tó. Bàbá náà wo ojú mi, ó ní, “Mọ̀mí, bá a bá fi ìṣó kàn án, a ti pa á nìyẹn. Igi á là, ìṣó á dípẹtà, ẹsẹ̀ á tún mì.” Ó wá ṣe ohun tí mi ò rí rí. Ó ki àkísà bọ inú omi gbígbóná, ó wé e mọ́ oríkèé àga náà, ó ń pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń tutù. Nígbà tó yá, òórùn kan gba ṣọ́ọ̀bù, bí ìgbà téèyàn ń se pọ̀nmọ́. Ó ní gọ́ọ̀mù àtijọ́ ló ń rọ̀ yẹn, pé awọ àti egungun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó fi òòlù onígi kàn án jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ àga yọ jáde odindi, láìfọ́.

Ó fi ọ̀bẹ ha gbogbo gọ́ọ̀mù ògbólógbòó náà kúrò títí ojú igi fi hàn, torí gọ́ọ̀mù funfun tí à ń lò báyìí kì í di ara gọ́ọ̀mù gbígbẹ mú. Igi ló fẹ́ dì mú. Lẹ́yìn náà ló fi gọ́ọ̀mù tuntun sí i, ó gé rọ́bà inú táyà tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi dì í yíká, ó ki igi kékeré bọ̀ ọ́ láàárín, ó lọ́ ọ títí rọ́bà náà fi fún mọ́ àga pinpin. Ó di ọjọ́ kejì kó tó tú u. ₦12,000 ló gbà lórí àga kọ̀ọ̀kan. Ó ti tó oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó tóbi dáadáa ń jókòó sí i lọ́jọọjọ́ Sunday, kò tíì mì rárá. Ká ní ìyẹn nìkan ni mo ní kó ṣe, ìràwọ̀ márùn-ún ni mi ò bá fún un.

Ibi ìjókòó ló fún mi láyọ̀ jù. Rẹ́síìnì dúdú tó ti ya ló wà lókè. A ká a kúrò, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé wà lábẹ́ rẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí. A ká ìyẹn náà, òwú àràbà ló kù, ó ti ṣù, ó sì ti pọ́n. Inú òwú yẹn ni mo ti rí kọ́bọ̀ oníhò kan, 1952 ló wà lára rẹ̀. Owó ayé òyìnbó ni, torí náírà kò dé títí di 1973. Mo jókòó sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà, mo ń fi àtàǹpàkò ra kọ́bọ̀ náà. Ó ti bọ́ lápò ẹnì kan, ẹni náà á ti wá a títí.

Ibi tó dùn mí nìyí. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ojú igi. Ní orí apá àga, níbi tí ọwọ́ bàbá olóògbé máa ń sinmi sí, igi náà ti jẹ wọlé díẹ̀, ó ń dán bí inú ṣíbí onígi tó ti pẹ́ nílé ìdáná. Mo lọ sí ìsọmọlórúkọ n'Íbàdàn. Kí n tó dé, ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé ẹ̀rọ tó ń yí bírí lé apá àga kan, ó fi gbo ó lòdì sí ìlà ara igi, ó wá da fáníìṣì dúdú tó nípọn lé e. Mo fọwọ́ kàn án, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bẹ́ ẹ bá gbé e sí oòrùn, ẹ máa rí àpá ẹ̀rọ náà lábẹ́ fáníìṣì, roboto roboto. Bàbá bẹ̀ mí gan-an, ó tún ní òun máa dá ₦8,000 fáníìṣì tí wọ́n ti kà mọ́ owó tí mo san padà. Mi ò gbà á, torí owó kọ́ ni mo pàdánù. Ọ̀sẹ̀ méjì tó dá fún mi náà di méje, láìpè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo gbé àga kejì lọ sílé, mo sì fọwọ́ ara mi ṣe ojú rẹ̀. Kò le tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Ẹ fi òwú tó rin spírítì kan ibi tó fara sin lábẹ́ àga. Bó bá rọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, pólíṣì àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi oje tí kòkòrò kékeré kan ń sun sára igi ní Íńdíà ṣe, ṣẹ́láàkì. Bí kò bá rọ̀, ó lè jẹ́ fáníìṣì. Tèmi rọ̀, nítorí náà mi ò tilẹ̀ gbé sáńpépà. Mo fi aṣọ tí mo fún omi ọṣẹ rẹ̀ dànù nù ún, ìdọ̀tí tó jáde dúdú bí omi àgbo. Nígbà tó gbẹ, mo di aṣọ funfun bíi bọ́ọ̀lù, mo fi pólíṣì tuntun tí mo ti yọ́ sínú spírítì pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Àpá ife tíì tó funfun róbótó lórí apá rẹ̀ parẹ́ níṣojú mi. Ẹ má ṣe é nítòsí sítóòfù o, iná ń yára gbá spírítì mú.

Kọ́bọ́ọ̀dù gba sùúrù jù. Wọ́n ti kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà àtijọ́, òjé sì wọ́pọ̀ nínú ọ̀dà ìgbà yẹn. Eruku rẹ̀ kò dáa fún ẹnikẹ́ni, pàápàá ọmọdé. Omi ni mo fi ń rin ín kí n tó fi sáńpépà gbo ó, mo bo imú, mo lé àwọn ọmọ sílé àbúrò mi. Ìyẹ̀fun tín-ń-tín tún ń já láti inú ihò kéékèèké lẹ́yìn rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé kòkòrò ṣì wà níbẹ̀. Solignum, oògùn tó ń pa kòkòrò inú igi, ni mo fi kùn ún, mo sì fi í sílẹ̀ ní fàráńdà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí òórùn tó lọ. Ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀, ₦10,000 lọ́wọ́ bàbá kan náà, ó sì ṣe é re.

Pẹ̀lú fóòmù àti aṣọ ìjókòó, ₦22,000, àti pólíṣì, sáńpépà àti oògùn, ₦9,500, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦143,500. Oríkèé igi ni kẹ́ ẹ fún káfíńtà lówó lé lórí, kẹ́ ẹ má sì ná an lówó rẹ̀ jù, torí ọgbọ́n tí kò sí lọ́wọ́ wa ló wà níbẹ̀. Ojú igi ni kẹ́ ẹ gbé padà sílé.

Mo ń padà lọ bá bàbá yẹn lóṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sórí rẹ̀: Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹ̀rọ lé e.