Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra àpótí iná fún kíbọ́ọ̀dù àti sípíkà ìta gbangba

Ẹ̀yin olórin, ẹ̀yin oníwàásù ojú pópó àti ẹ̀yin alága ìjókòó tí ẹ máa ń gbé kíbọ́ọ̀dù, míkísà àti sípíkà lọ sí ibi tí iná kò sí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ń polówó àpótí iná dúdú kan (àpótí bátìrì tó ń gbé iná jáde ní ipò jẹnẹrétọ̀) tí wọ́n kọ 220,000 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà pamọ́, àti wáàtì 1,000 sí lára. Mo ra ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ń tajà lórí WhatsApp. Mo ti tú u wò, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo bá nínú rẹ̀ fún yín, kí owó tiyín má baà wọ inú yanrìn bíi tèmi.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, owó epo tí a ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo èrè òde kéékèèké mì, ariwo rẹ̀ a sì tún máa bo ohùn gángan mọ́lẹ̀. Oníṣòwò náà mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ó ní àpótí òun yóò gbé gbogbo ẹrù wa fún wákàtí mẹ́fà láìpariwo, iye tó sì pè é kò tó ìdajì ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń pe irú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti fura, ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú ọjà náà ti wọ̀ mí lójú.

Òde ìsọmọlórúkọ kan ní Ìbàdàn ni a kọ́kọ́ gbé e lọ. Kíbọ́ọ̀dù wa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 15, míkísà ń jẹ 10, sípíkà méjèèjì kò sì ju 80 lọ lápapọ̀ bí a kò bá yí ohùn wọn sókè jù; gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 105. Láti ìgbà tí a ti tan àpótí náà ni nǹkan kan ti ń kùn nínú sípíkà bí eṣinṣin tó há sínú agolo, ṣùgbọ́n nígbà tí a wá so sípíkà kan náà mọ́ jẹnẹrétọ̀ onílé lẹ́yìn náà, ìkùn yẹn kò sí mọ́. Ìnfátà ni ẹ̀rọ inú àpótí tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí a ń lò nílé; èyí tó bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, tí iná tó ń gbé jáde kò dán bíi ti NEPA, ló sábà máa ń fa irú ìkùn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gan-an kéré. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, bí bàbá àgbà ṣe ń gbé àwo oyin sókè láti fi tọ́ ọmọ lẹ́nu, gbogbo ẹ̀rọ kú pátápátá, bẹ́ẹ̀ ojú àpótí náà ti sọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú pé ìdá 78 nínú 100 ló ṣì kù. Onígángan wa ló bò wá láṣìírí.

Nígbà tí mo délé, mo tú ìdè mẹ́rin tó wà lábẹ́ àpótí náà. Bátìrì lítíọ́mù kéékèèké méjìlá ni mo bá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 18650. Gọ́ọ̀mù tó gbẹ mọ́ wọn lára àti ojú ibi tí wọ́n ti já irin kúrò fi hàn pé inú kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ ni wọ́n ti tú wọn jáde. Ọ̀rá méjì tí wọ́n fi téèpù dúdú wé ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo fi ọ̀bẹ la ọ̀kan, yanrìn gbígbẹ sì tú sórí tábìlì mi, yanrìn odò tó mọ́ tónítóní, tí wọ́n ti fi ajọ̀ jọ̀. (Ẹni tó bá lè jọ yanrìn kó tó fi tan ènìyàn jẹ, iṣẹ́ rẹ̀ yé e.) Nígbà tí mo sì ṣí bébà tí wọ́n kọ 220,000 sí kúrò lára àpótí, bébà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó sọ pé 80,000 ni.

Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. mAh nìkan kò sọ iye iṣẹ́ tí bátìrì lè ṣe. Wh ni kí ẹ máa béèrè, ìyẹn iye wáàtì tó lè gbé fún wákàtí kan gbáko. Fóltì 3.7 ni irú bátìrì yìí; ẹ fi fóltì yẹn sọ mAh di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 1,000, Wh ni ẹ ó rí. Bí 220,000 mAh bá jẹ́ òtítọ́, nǹkan bíi 814 Wh ló yẹ kó jẹ́, ẹrù wa ì bá sì lò ó ju wákàtí mẹ́fà lọ, kódà lẹ́yìn tí ìnfátà bá ti mú ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ ṣàánú àwọn àlòkù méjìlá yẹn tí a ka ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí 2,000 mAh, gbogbo wọn kò ju 89 Wh lọ. Ẹ pín in fún wáàtì 105, kí ẹ sì yọ ti ìnfátà: kò lè pé ìṣẹ́jú 45. Kódà 18650 tuntun tó dára kì í sábà ju 3,500 mAh lọ, nítorí náà, bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 sí lára, irọ́ ni.

Tẹ́lẹ̀, a máa ń gbé ẹrù sókè láti mọ̀ bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di yanrìn sínú rẹ̀ báyìí. Gílóòbù ni mo fi ń dán àpótí wò nísinsìnyí: èyí tó máa ń gbóná, tó jẹ́ wáàtì 100, irú èyí tí àwọn ọlọ́sìn adìyẹ fi ń mú òròmọdìẹ móoru. Ẹ rí i pé iná àpótí náà ti kún, ẹ so gílóòbù yẹn mọ́ ọn lójú ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì jókòó tì í fún wákàtí méjì. Ojúlówó 814 Wh yóò ṣì ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 lẹ́yìn wákàtí méjì. Irú tèmi kò ní pé wákàtí kan. Ẹni tó bá ní òun kò ráyè jókòó, ẹ bá tiyín lọ.

Oníṣòwò kan náà ń ta sípíkà tí wọ́n kọ “5,000 W PMPO” sí. PMPO kì í ṣe nǹkan kan ju ìpolówó lọ. RMS ni kí ẹ béèrè, ìyẹn agbára tí sípíkà lè gbé jáde láìdábọ̀. Ẹ wo ara ṣájà rẹ̀ pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ fóltì 15 àti ámúpù 4, wáàtì 60 péré ló lè gbé wọlé, ìyẹn sì jìnnà sí 5,000. Oníṣòwò náà tún fi wáyà kan ta mí lọ́rẹ, ó ní kí n fi so kíbọ́ọ̀dù mọ́ àpótí náà tààrà láìgba inú ìnfátà. Orí ló ní kí n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n: iná rere (+) tó yẹ kó wà ní àárín ẹnu wáyà náà, gẹ́gẹ́ bí àmì ẹ̀yìn kíbọ́ọ̀dù mi ti fi hàn, ìta ló wà, òdì (−) sì wà láàárín. Ǹ bá ti sọ kíbọ́ọ̀dù náà di pákó.

Nígbà tí mo pe oníṣòwò náà, ó kọ́kọ́ ní mo lò ó kọjá agbára rẹ̀. Mo fi àwòrán yanrìn ránṣẹ́ sí i, ó ní yanrìn náà ni wọ́n fi ń mú bátìrì tutù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó ti ojú WhatsApp rẹ̀ pa mọ́ mi. Bí ẹ bá ti ra tirẹ̀, ẹ má ṣe gba iná sí i nínú yàrá tí ẹ ń sùn, nítorí kò sí pátákó ẹ̀rọ kékeré kankan nínú tèmi tó lè dá iná dúró bí bátìrì bá kún, bátìrì lítíọ́mù tó bá kún jù sì lè gbiná. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ̀rí owó tí ẹ san àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sùn ní FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà. Tèmi ti wà níwájú wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi tó ń lu gìtá fi àwòrán àpótí kan hàn mí, ó ní òun fẹ́ sanwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọ̀ rẹ̀ ti di pupa, orúkọ ara rẹ̀ ti yàtọ̀, nọ́ńbà fóònù náà kì í ṣe ti àtijọ́, ṣùgbọ́n 220,000 ló ṣì wà lára bébà, igun bébà náà sì ti ṣí díẹ̀.