Oṣù mẹ́ta mi ní ìsọ̀ jórinjórin ní Ọ̀dà Road: ohun tí owó mi rà

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ JSS ní Basic Technology ní Àkúrẹ́ yìí. Bí mo bá ya àwòrán electrode, irin tín-ín-rín tí iná ń yọ́ láti fi jó irin pọ̀, sójú pátákó, ẹ ó rò pé ìdí iṣẹ́ irin ni wọ́n bí mi sí. Mi ò fọwọ́ kan ọ̀kan rí láyé mi. Káríà máṣìn Boxer mi ló sọ mí di ọmọṣẹ́. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣẹ́ lójú ọ̀nà Ìdànrè, níbi tí mo ti ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ láti oko bàbá mi ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wẹ́dà kan gbowó lọ́wọ́ mi, ojú kan náà ló sì ń ṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, tí ṣírí ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì dà sínú gọ́tà, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, màá kọ́ ọ fúnra mi.

Ìsọ̀ tí mo lọ wà ní apá Ọ̀dà Road. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí bí mo bá yìn ín tán, mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Ọdún mẹ́ta ni ọmọṣẹ́ gidi ń lò níbẹ̀ kó tó gba fírídọ̀mù. Ti àwa àgbà tá a kàn fẹ́ mọ díẹ̀, oṣù mẹ́ta ni, ₦80,000, ọ̀sán mẹ́rin lọ́sẹ̀. Mo san ìdajì, mo ní màá san ìyókù lóṣù kejì. Ọ̀gá ò bá mi jà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ta ni mo bá nídìí ẹ̀rọ? Ọmọ tí mo ní kó kúnlẹ̀ ní JSS 2 nítorí pé kò mọ iṣẹ́ tí flux, ohun tó bo ara electrode, ń ṣe. Òun ni àgbà ọmọṣẹ́ báyìí. Ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó kún fún èérún irin. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Òní nìkan lo máa dọ̀bálẹ̀ o. Láti ọ̀la lọ, ìwọ lẹ̀gbọ́n Tísà níbí." Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ọmọ náà kò yéé pè mí ní "sà", ṣùgbọ́n bó bá ní kí n gbé ọwọ́ mi wálẹ̀, mo ń gbé e wálẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àwo irin àlòkù ni wọ́n fi mí sí, kí n máa fa ìlà lórí rẹ̀. Electrode gauge 12 ni a ń lò, èyí tí wọ́n ń kọ 2.5 mm sí lára páálí. Mo bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́, màá máa fà á bí ẹni ń fa eyín. Ọmọ náà ní, "Ẹ má tẹ̀ ẹ́ sà. Ẹ ṣá a bí ẹni ṣá ìṣáná, kí ẹ wá gbé e sókè díẹ̀, kí àlàfo rẹ̀ má ju bí wáyà inú rẹ̀ ṣe nípọn lọ." Nígbà tí mo rí i gbé kalẹ̀, Ọ̀gá wo ìlà tí mo fà, ó ní, "Tísà, ewúrẹ́ wo ló kọjá níbí?" Òótọ́ ni, ìgbẹ́ ewúrẹ́ gan-an ló jọ, kóró kóró, ọ̀kan ò mọ èkejì.

Ohun tí mo lọ rà níbẹ̀, etí ni, bí mo tilẹ̀ rò pé ọwọ́ ni. Ẹ̀rọ ńlá tí Ọ̀gá ń lò, wáyà bàbà tí wọ́n wé sínú àpótí ni, kò sí nọ́ńbà kankan lára rẹ̀. Ihò ló ní, ẹ ó fa wáyà láti ihò kan bọ́ sí òmíràn. Mo béèrè pé ampere mélòó, ìyẹn báwo ni iná ṣe pọ̀ tó, ni ihò kẹta. Ọ̀gá wò mí bí ẹni pé mo béèrè ọjọ́ orí ìyá rẹ̀. Ó ní kí n di ojú mi, kí n gbọ́. Bí iná bá bá irin mu, ó máa ń dún bí ìgbà tí àkàrà bá wọ inú òróró tó gbóná dáadáa, ìró kan ṣoṣo tí kì í já. Bó bá ń ta pàràpàrà bí ìgbà tí omi kán sí òróró, iná ti pọ̀ jù, irin máa lu. Bó bá ń kùn tó sì ń dákẹ́, iná ò tó. Oṣù kan kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kí n lo ẹ̀rọ jórinjórin kékeré tí wọ́n ń pè ní inverter, tí wọ́n ń gbé lọ síta, èyí tó ní nọ́ńbà. Mo fi etí tún iná rẹ̀ ṣe, mo wá wo ojú rẹ̀: 65. Inú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, 60 sí 90 ni wọ́n kọ fún gauge 12, tí irin bá sì tinrín, ìsàlẹ̀ ni ká wà. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. Ó ní ṣé nítorí ìyẹn ni mo ṣe pe òun nínú ọjà.

Ẹjọ́ mi rèé o. Èèyàn márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ yẹn, ìbòjú méjì ló wà. Awò dúdú tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí òde ìnáwó ni àwọn tó kù ń lò, awò yẹn kò sì lè ṣe nǹkan kan fún ojú níwájú iná yẹn. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo di páìpù mú fún ọmọ náà kó fi kàn án, mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lásán. Mi ò mọ nǹkan kan lára títí mo fi sùn. Ní agogo kan òru ni mo jí, ó dà bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn odò sí mi lójú méjèèjì, kí wọ́n tún wá máa fi ọwọ́ rà á. Omi ń dà lójú mi, mi ò lè wo gílóòbù. Ọmọ náà ní kí n kán mílíìkì inú agolo sí i, pé bí àwọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Mi ò kán nǹkan kan. Aṣọ tútù àti yàrá tó ṣókùnkùn ni mo fi gbé e, ọjọ́ méjì ni mi ò fi dé kíláàsì. Nígbà tí mo padà, mo ra ìbòjú tèmi, onídígí nọ́ńbà 11, nọ́ńbà tó ń sọ bí dígí ṣe dúdú tó. Ká má parọ́, ìbòjú yẹn ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yẹ kó kọ́kọ́ rà, kó tó san kọ́bọ̀ fún ọ̀gá kankan.

Èkejì ni ti oníbàárà kan tó gbé máṣìn wá kí wọ́n bá a jó sítáńdì. Wọn ò yọ orí bátìrì. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́, mo sì dákẹ́, torí mo ṣì tuntun. Wọ́n jó o tán, máṣìn kọ̀, kò ta. CDI ti jó, àpótí kékeré tó ń sọ fún púlọ́ọ̀gì ìgbà tó máa ta iná. Ariwo sọ, Ọ̀gá san ìdajì. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mo ń yọ orí bátìrì, bí wọ́n rán mi, bí wọn ò rán mi, mo sì ń gbé kílíìpù ilẹ̀, èyí tó ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ, sún mọ́ ibi tí a fẹ́ jó gan-an.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ọlọ́kadà kan gbé tánkì wá, ó ń jò. Ó ní kí Ọ̀gá má fòyà, òun ti da epo inú rẹ̀ nù pátá. Ọ̀gá ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Èyí tí epo ti tán nínú rẹ̀ gan-an ni mò ń sá fún." Ó mọ̀ pé òórùn epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàmù. Ọkùnrin náà bínú lọ. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan, mo san owó tó kù lọ́jọ́ kejì.

Káríà tèmi wá ńkọ́? Oṣù kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Páìpù tí mo rà, gálífánáìsì ni, ó dán, mo rò pé mo mọ ọjà rà. Bí iná ṣe kàn án, èéfín funfun sọ. Ọ̀gá ní kí n fi fáìlì, ẹ̀rọ tó ń họ irin tó sì ń gé e, họ gbogbo ojú rẹ̀ títí dúdú irin yóò fi yọ, torí èéfín yẹn máa ń fún èèyàn ní ibà lóru. Mo họ ọ́. Mo wá jó ẹ̀gbẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró, ọwọ́ mi ti dá, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo gbé e sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan gbé sókè ní ìka méjì. Iná ti fà á. Ọ̀gá ò sọ̀rọ̀, ó gbé fáìlì, ó gé e sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dùn mí dé eegun.

Lẹ́ẹ̀kejì, a kàn án ní tó-tò-tó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí a tó jó ibì kankan pa, a sì ń fò láti igun kan sí èyí tó kọjú sí i. Ibẹ̀ ni èmi náà ti rí nǹkan kọ́ wọn: mo fa okùn láti igun kan dé èyí tó kọjú sí i, mo tún fa ti igun méjì yòókù, mo ní bí okùn méjèèjì bá gùn dọ́gba, ó ti gún nìyẹn. Ojú ni Ọ̀gá fi ń wò ó látijọ́. Okùn náà ti wà lórí ìṣó lára ògiri báyìí.

Mo bi í léèrè ìdí tí ti àtijọ́ fi ń ṣẹ́. Ó mú irin tó ṣẹ́ náà yí sí oòrùn. "Ẹ wò ó dáadáa. Ojú tí wọ́n jó kò ṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ́." Wọ́n kàn ń kó electrode lé ibi kan náà ni, apá tó gbé ẹrù kò sì ní alátìlẹ́yìn. A gé irin onígun mẹ́ta kékeré, a fi ti apá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. A ò jó nǹkan kan mọ́ egungun máṣìn, bóòtì la fi dè é mọ́ ojú ihò tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù márùn-ún rèé, ṣírí mẹ́rin mẹ́rin ni mo ń gbé láti Ìdànrè, ọ̀dà ara rẹ̀ nìkan ló ti bó.

Nínú ọ̀sán 52 tí mo sanwó fún, 29 péré ni mo fi di ẹ̀rọ mú. Ìyókù, kò síná, tàbí epo jẹnẹrétọ̀ tán, tàbí iṣẹ́ kánjúkánjú wọlé. Ẹ bá ọ̀gá sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, pé ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ ni kí ẹ jọ máa kà. Bó bá jẹ́ sàlẹ́ńsà tàbí ìdérí ẹ́ńjìnnì alumíníọ̀mù ni ẹ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó, ibẹ̀ kọ́. Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ò ní gáàsì, àti pé electrode àwọn kì í mú alumíníọ̀mù. Ẹ má sì lọ ní Sátidé. Ọjọ́ tí wọ́n ń kó géètì jáde nìyẹn, ẹ ó kàn di wáyà mú títí ilẹ̀ á fi ṣú ni.