Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ Zion, Utah: ó dáa gan-an
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wakọ̀ yíká àwọn páàkì àfonífojì Utah nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní October, ẹ gbọ́ o, bọ́ọ̀sì Zion, ọ̀kan lára àwọn páàkì yẹn, kì í gba kọ́bọ̀, tó bá sì ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò ní jẹ́ kí mọ́tò tiyín wọ títì inú àfonífojì yẹn. Aago mẹ́wàá la dé, ibi ìgbọ́kọ̀sí ti kún fọ́fọ́, la bá fi mọ́tò sílẹ̀ ní Springdale, ìlú tó wà lẹ́nu páàkì náà, a wọ bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ìgboro dé ẹnu géètì. Ìlà gùn, ó sú mi díẹ̀. Àmọ́ òkè pupa bí epo lọ́tùn-ún lósì, ewé igi etí odò Virgin ti pọ́n bí ìyeyè, mo kàn fi orí ti fèrèsé ni, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ tètè jí. Ẹ mú súwẹ́tà dání, torí Bryce, páàkì mìíràn ní Utah, ga tó nǹkan bí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, òtútù àárọ̀ ibẹ̀ ò kéré rárá.